Ilé Onítáyà

Orvin, wọ́n wá yẹ abẹ́ ilé wa wò láàárọ̀ yìí.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arvizu,
aṣọ iṣẹ́ ìjọba lọ́rùn, eruku Arisónà lára bàtà,
ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.
Kì í ṣe èmi ló dọ̀bálẹ̀ fún o, páìpù ni.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ilé
bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

Òfin ò pọ̀, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ:
ẹni tó bá fẹ́ lo ìgbà òtútù lórí ilẹ̀ ìjọba
kó gbé omi tó máa mu wá,
kó sì ní ibi tó máa tọ́jú èyí tó ti lò sí.
Tánkì tí wọ́n dè mọ́ ilé gírígírí, kì í ṣe garawa,
kì í ṣe póò tí èèyàn ń gbé ká bí ìkókó.
Ohun tó bá jáde lára rẹ, ìwọ lo ni ín
títí dé ẹnu ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un nísàlẹ̀ ọ̀nà.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.
Ó dáa. Ta ló ti bi ìgbín léèrè ibi tó ń ṣu sí rí?

“Ìyá, ẹ wá wo ibí.”
Mo kúnlẹ̀. Orúnkún òsì ké, o mọ bó ṣe máa ń ké.
Láàárín òkúta tó gbẹ bí egungun,
níbi tí òjò ò kàn láti Oṣù Kẹjọ,
koríko kan dúró,
ewé mẹ́rin péré, ó tutù yọ̀yọ̀,
ó ń mi orí bí ẹni tó jẹun yó.
Lókè orí rẹ̀ gan-an, omi ìfọwọ́ ń kóra jọ lẹ́nu páìpù.
Kò kán.
Kò kán.
Ó kán.

Koríko ló fẹjọ́ mi sùn.
Arvizu ò bínú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé,
ó ní òun fún mi di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n máa lọ.
Kí n máa lọ síbo? Ilé Fágò ti di ti ẹlòmíràn,
ọmọ ọlọ́mọ ló ń fò lórí àtẹ̀gùn tí o kàn.

Delfina tó ń gbé inú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé àtijọ́ ló bá mi ṣe é.
Ogún ọdún ló fi jó irin mọ́ irin lára ọkọ̀ ojú omi,
kò bẹ̀rù páìpù oníke.
Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ́ wọlé sábẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń rí.
Mo ń gbọ́ tó ń pòṣé.
“Ardith, ta ni aṣiwèrè tó fi àkísà di èyí?”
Ó na ọwọ́ jáde: aṣọ búlúù onílà,
wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta,
ìkórajọ wáyà tí ọwọ́ òsì nìkan lè lọ́ bẹ́ẹ̀.
Orvin. O sọ fún mi pé o ti tún un ṣe.
O tún fi àmúpìtàn ọkùnrin tó wọn owó rẹ̀ lé e.

Mo ní mi ò mọ ẹni náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Arvizu tún dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ.
Ó lẹ ìwé pélébé mọ́ gíláàsì iwájú, ó ní ó dìgbà kan ná.
Iná òṣùwọ̀n tánkì ṣì ń pọ́n, ó ní a ti kún.
Irọ́ ló ń pa, àná ni mo dà á nù.
Ìyẹn náà, o ní wàá tún un ṣe.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ewé kan ti ń rọ.
Galọọnu mẹ́fà ló kù tó gbọ́dọ̀ tó mi di ọjọ́ Ajé.
Òfin ò sọ nǹkan kan nípa omi mímu.
Mo bu ìdajì ife, mo tẹ orúnkún ọ̀tún.

Àkísà yẹn ńkọ́?
Kò sí nínú ìdọ̀tí tí mo kó lọ sísàlẹ̀ ọ̀nà.